Bí Èròjà Inú Ọpọlọ àti Òògùn Apàrora Ṣe Ń Fọwọ́ Sowọ́ Pọ̀ Láti Dẹ̀rọ̀ Ìrora

Ìrora kò mọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ tálákà. Kò sí ẹni tí orí kì í fọ́, tí ẹ̀yìn kì í ro, tàbí tí eyín kò dùn rí. Nítorí ìdí èyí, òògùn apàrora wà lára àwọn òògùn tí ènìyàn ń wá kiri jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló mọ ohun tí irú òògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá wọ inú ara. Àìmọ̀ yìí ń pa àwọn kan, ó sì ń mú kí àwọn mìíràn máa jẹ ìrora tí kò yẹ kí wọ́n jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àdúgbò D-Line ní ìlú Port Harcourt, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, ní àṣálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bíríkìlà kan tí ó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù láti òwúrọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan lẹ́bàá títì. Kò mú ìwé dókítà lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní tramadol, kí wọ́n sì mú èyí tó lágbára dáadáa. Ẹni tó ń tajà kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ní alẹ́ ọjọ́ yìí kan náà, ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí kan náà, ìyá àgbàlagbà kan tí àrùn jẹjẹrẹ ti wọ inú egungun rẹ̀ ń kérora. Dókítà fẹ́ fún un ní morphine, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má fún màmá wa ní òògùn yẹn o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ó di bárakú fún wọn ni?"

Àpèjúwe lásán ni bíríkìlà àti ìyá àgbà yìí, ṣùgbọ́n irú wọn pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Ẹni àkọ́kọ́ kò bẹ̀rù ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù. Àwọn ọmọ ìyá àgbà ń sá fún ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀ gbà lọ́wọ́ oníṣègùn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìran kan náà ni òògùn méjèèjì, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ẹnu ọ̀nà yìí ni a fẹ́ ṣí wò nínú ẹ̀kọ́ òní.

Ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ

Bí iná bá jó ènìyàn ní ìka, ojú ibi tí iná ti jó o ni ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn fọ́nrán iṣan tíńtìntín tó wà lábẹ́ awọ ara ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Wọn yóò gbé ìròyìn náà lọ sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí wọn yóò ti fi lé fọ́nrán mìíràn lọ́wọ́. Fọ́nrán kejì yìí ni yóò gbé e gòkè lọ sí ọpọlọ. Ìgbà tí ó bá dé ibẹ̀ ni ènìyàn tó mọ̀ pé iná jó òun. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi máa ń fò kúrò nínú iná kí ìrora náà tó dé: ọ̀pá ẹ̀yìn ti pàṣẹ kí ìròyìn tó dé òkè.

Àwọn fọ́nrán iṣan wọ̀nyí kì í fara kan ara wọn. Àlàfo kékeré kan wà láàárín wọn. Bí ìròyìn bá dé etí àlàfo náà, fọ́nrán àkọ́kọ́ yóò tú èròjà kan sí inú rẹ̀, èròjà yìí ni yóò sì jí fọ́nrán kejì. A lè pe irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní èròjà ońṣẹ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan ń jí iṣan, àwọn kan sì ń mú un rọlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìròyìn kì í gòkè nìkan. Ọpọlọ náà ní ọ̀nà tí ó ń gbà ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, láti sọ fún ọ̀pá ẹ̀yìn pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, a ti gbọ́." Bí iṣẹ́ yìí bá dé ìsàlẹ̀, ìròyìn ìrora tí yóò gòkè yóò dínkù, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Àgádágodo tó wà nínú ara wa

Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ Éṣíà àti ti Yúróòpù ti ń lo opium, ìyẹn oje tí wọ́n ń gbà láti ara èso òdòdó kan tí à ń pè ní poppy. Ní nǹkan bí ọdún 1805 ni ọ̀dọ́mọkùnrin apòògùn kan ní Jámánì, Friedrich Sertürner, yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kúrò nínú oje náà. Ó fi orúkọ òrìṣà àlá àwọn ará Gíríìkì, Morpheus, sọ ọ́. Bí morphine ṣe gba orúkọ nìyẹn. Codeine náà wà nínú oje yìí kan náà.

Ìbéèrè kan wá ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Kí ló dé tí oje òdòdó inú oko fi lè pa ìrora nínú ọpọlọ ènìyàn? Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣí ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo. Ní ọdún 1973, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí hàn pé àgádágodo náà wà lóòótọ́. Ó wà ní ara àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, morphine sì ń wọ inú rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní New York àti ní orílẹ̀-èdè Sweden rí ohun kan náà ní ọdún yìí.

Èyí tún bí ìbéèrè mìíràn. Ara kò lè ṣe àgádágodo sílẹ̀ nítorí òdòdó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí rí. Ó ní láti jẹ́ pé ara ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní ìlú Aberdeen ní Scotland rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n pè é ní enkephalin. Láìpẹ́ ni a rí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, endorphin àti dynorphin. Gbogbo wọn jẹ́ èròjà apàrora tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Morphine, codeine àti tramadol kì í ṣe àlejò tó mú iṣẹ́ tuntun wá sínú ara. Kọ́kọ́rọ́ onílé ni wọ́n rọ irú rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn onílé.

Oníbodè tó ń sùn

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wọ àgádágodo. Ibi pàtàkì méjì ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé.

Ibi àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbẹ̀, òògùn yìí ń dí fọ́nrán àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kí ó má lè tú èròjà ońṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó bó ṣe fẹ́. Ó sì tún ń mú fọ́nrán kejì rọlẹ̀ kí ó má tètè jí. Ìròyìn ìrora yóò wá dà bí ẹni tó ń pariwo láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a tì.

Ibi kejì wà ní àárín ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ẹ rántí ìlú àtijọ́ tó ní odi yí i ká. Àwọn ìránṣẹ́ ọba ti múra tán láti jáde lọ pa iná tó ń jó lóko, ṣùgbọ́n oníbodè ti ilẹ̀kùn odi, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Nínú ọpọlọ, èròjà kan tí à ń pè ní GABA ló ń ṣe iṣẹ́ oníbodè yìí. Ó ń dá àwọn iṣan tó ń ránṣẹ́ ìtura sí ìsàlẹ̀ dúró. Bí enkephalin tàbí morphine bá dé, oníbodè ni yóò kùn lóorun. Bí oníbodè bá ti sùn, bodè á ṣí, àwọn ìránṣẹ́ á sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Lára èròjà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ láti pa ìrora mọ́lẹ̀ ni serotonin àti noradrenaline.

Ibi tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a ń sọ wà nìyí. Òògùn nìkan kọ́ ló ń pa ìrora. Òògùn ń tú àwọn ìránṣẹ́ ara sílẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń parí iṣẹ́. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sydney ní Australia fi ọpọlọ eku ṣe àlàyé bí morphine ṣe ń mú oníbodè yìí sùn. Wọ́n sì fi hàn pé òògùn ìran aspirin lè kún agbára rẹ̀ ní ibẹ̀ gan-an. Èyí wà lára ìdí tí dókítà fi máa ń pa òògùn méjì pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó lè dín ìwọ̀n morphine kù.

Ẹ̀rí láti ojú ogun àti láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìgbà tí ìjà bá parí ni ènìyàn tó mọ̀ pé òun fara pa. Henry Beecher, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, rí èyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní Ítálì. Nínú àwọn ọmọ ogun tó gba ọgbẹ́ ńlá, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò béèrè òògùn apàrora nígbà tí wọ́n bi wọ́n. Ayọ̀ pé wọ́n ti bọ́ lójú ikú wà lára ohun tó mú kí ìrora wọn rọlẹ̀.

Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ní San Francisco ṣe ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín ọgbọ́n wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní ohun tí kò ní òògùn kankan nínú, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn náà gbà pé òògùn lè wà nínú rẹ̀. Ara tu àwọn mìíràn nínú wọn lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní naloxone, òògùn tó ń dí ojú àgádágodo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìrora náà padà dé. Èyí fi hàn pé ìgbàgbọ́ wọn ti mú kí ara tú èròjà apàrora tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù láti ẹnu nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ọmọ lórí orí ìyá, àdúrà àti ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ṣe asán lójú ọpọlọ. Wọn kò lè rọ́pò òògùn fún ìrora ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n ń ràn án lọ́wọ́.

Tramadol ọlọ́wọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bíríkìlà wa ní D-Line. Tramadol tí ó rà kò ti inú òdòdó wá. Ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1962, ó sì dé ọjà níbẹ̀ ní ọdún 1977. Ọwọ́ méjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan ń ṣí àgádágodo tí morphine ń ṣí. Ọwọ́ kejì ń mú kí serotonin àti noradrenaline pẹ́ nínú àlàfo láàárín àwọn iṣan. Nínú òògùn kan ṣoṣo yìí, ẹ lè rí gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀.

Ọwọ́ méjì náà ló ní ewu. Ti àkọ́kọ́ lè dá èémí dúró. Ti kejì lè fa gìrì, àní fún ẹni tí kò ní wárápá rí, pàápàá bí ìwọ̀n bá pọ̀ jù tàbí bí ẹni náà bá ń lo òògùn mìíràn tó ń mú serotonin pọ̀, irú èyí tí a ń fún àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Síwájú sí i, ẹ̀dọ̀ ló ń yí tramadol padà sí èròjà tó lágbára jù, ẹ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn kò sì yára bákan náà. Ìwọ̀n tí kò ṣe ọ̀rẹ́ rẹ ní nǹkan lè gbé ìwọ dùbúlẹ̀. Nítorí èyí ni àjọ tó ń mójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà ṣe kìlọ̀ ní ọdún 2017 pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC kò fi àṣẹ sí tramadol tó ju mílígíráàmù 100 lọ. Síbẹ̀, èyí tó jẹ́ 225 ti wọ ọjà wa lọ́nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ mì kò lo òògùn tí ìjọba mọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ igi egbèsì

Àwọn kan lè sọ pé, "Ṣebí inú igi egbèsì ni tramadol wà?" Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Ní ọdún 2013, Michel De Waard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò egbèsì tí wọ́n wà ní àríwá Cameroon. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, nítorí àwọn babaláwo àti àwọn eléwé ọmọ ti ń lo egbèsì tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ mìíràn láti Jámánì fi hàn pé tramadol wà nínú ilẹ̀ àti omi agbègbè náà pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lo òògùn náà, wọ́n sì ń fún màlúù wọn kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Ìtọ̀ ènìyàn àti ti ẹran ló gbé e wọ ilẹ̀, tí gbòǹgbò igi fi fà á mu. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 túbọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni tramadol náà. Ìlòkulò òògùn ti pọ̀ débi pé igi inú oko pàápàá ń mu ún.

Bí ó ṣe ń di bárakú

Àgádágodo tí à ń ṣí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kí ó tó jẹ. Bí òògùn ìran opium bá ń wọlé láìdáwọ́dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì á dín ìgbọ́ràn wọn kù. Ìwọ̀n tó ń tu ara lánàá kò ní tó mọ́ lónìí. Ẹni náà á fi kún un. Bí ó bá wá dá a dúró lójijì, àwọn iṣan tí òògùn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Imú á máa ṣomi, ara á máa ro, ìgbẹ́ gbuuru á dé, oorun á sì dá.

Ohun tó burú jù ni pé àgádágodo wọ̀nyí wà ní ibi tí ọpọlọ ti ń ṣe àkóso èémí. Bí òògùn bá pọ̀ níbẹ̀, ọpọlọ á gbàgbé láti mí. Bí ọtí tàbí òògùn oorun bá tún wà níbẹ̀, ewu náà á di ìlọ́po. Wọ́n wà nínú ìfun pẹ̀lú, ìdí nìyí tí àwọn tó ń lo morphine kì í fi í rí ìgbẹ́ yà dáadáa.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ tó ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà ti gbé ìwádìí kan jáde. Ó fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo òògùn ìran opium láìjẹ́ pé oníṣègùn ní kí wọ́n lò ó láàárín ọdún kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe òògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú àti kíkó o wọlé. Síbẹ̀, àwọn aṣọ́bodè àti àjọ NDLEA ṣì ti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní èbúté Onne, tí kò jìnnà sí Port Harcourt, lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjọba Íńdíà fòfin de ṣíṣe àti kíkó àpòpọ̀ tapentadol àti carisoprodol jáde, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ BBC tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn tí ìrora ń jẹ láìrí òògùn

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni a kì í sábà gbọ́. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ṣe ìṣirò morphine àti irú rẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò ìtọ́jú ìrora ńlá ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ti Nàìjíríà jẹ́ mílígíráàmù 0.8 fún aláìsàn kan lọ́dún. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n nílò. Ti Uganda jẹ́ 53. Ti Amẹ́ríkà lé ní 55,000.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú tí tramadol ẹ̀bùrú pọ̀ sí ni aláìsàn jẹjẹrẹ ti ń kú pẹ̀lú igbe. Ìbẹ̀rù wà lára ohun tó fà á. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, onímọ̀ nípa òògùn tí a fi ń mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti mú ìtọ́jú ìrora àti ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Irú ìtọ́jú yìí wà ní ilé ìwòsàn UCH.

Kí àwọn ọmọ ìyá àgbà wa mọ èyí: kí ara mọ́ òògùn lára kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ènìyàn di ẹrú òògùn. Dókítà tó ń fún ìyá ní morphine ń fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀, ó ń fún un ní òògùn tí yóò mú kí ó rí ìgbẹ́ yà, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Morphine kì í ṣe òògùn ikú. Òògùn tó ń jẹ́ kí ìyá lè sùn, kí ó jẹun, kí ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Bákan náà ló rí fún ẹni tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìrora egungun. Kí a má ṣe pè é ní ọ̀mugó nítorí pé ó béèrè òògùn.

Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe lo tramadol tàbí codeine láìsí ìwé dókítà, ẹ má sì ṣe gba èyí tí ẹlòmíràn lò kù. Èkejì, ẹ má ṣe fi ọtí tàbí òògùn oorun pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ gbogbo òògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, títí kan àgbo. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí òògùn ti di bárakú fún kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó sì padà sí ìwọ̀n àtijọ́ lè kú, nítorí pé àgádágodo rẹ̀ ti tún gbọ́ràn.

Bí ẹ bá rí ẹni tí kò jí bí a ti ń pè é, tí ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹyin ojú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní naloxone. Kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wọ inú àgádágodo láìṣí i, ó sì ń ti morphine jáde kí èémí lè padà. Bí ó bá jẹ́ pé tramadol ni ẹni náà lò, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé naloxone kì í dá gìrì rẹ̀ dúró.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun gbogbo ló níwọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni onílé fi ń wọlé, tí olè sì ń fi wọlé. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé wọn lọ́wọ́.